Ẹ Kú Òjò, Ẹ Kú Ọyẹ́: Ọ̀rọ̀ Lórí Eré Sísá Nínú Gbogbo Ojú Ọjọ́ ní Accra

Ẹ̀yin ọmọ Káàárọ̀-o-ò-jíire tí ẹ fi ìlú Accra ṣe ibùgbé, ẹ̀yin tí ẹ wà ní Nima àti Tudu, ní Kaneshie àti Madina, àti ẹ̀yin tí ẹ ṣì ń pe Accra New Town ní orúkọ tí àwọn baba yín mọ̀ ọ́n sí, èyíinì ni Lagos Town, ẹ̀yin ni mo ń bá sọ̀rọ̀. 

Nínú ogún tí àwọn baba wa fi sílẹ̀ fún wa, kíkí jẹ́ ọ̀kan tí a kò fi bẹ́ẹ̀ kà sí, nítorí pé ojoojúmọ́ ni ó wà lẹ́nu wa. Òjò ń rọ̀, a ní ẹ kú òjò. Ọyẹ́ ń fẹ́, a ní ẹ kú ọyẹ́. Oòrùn ń ràn ganrín-ganrín, a ní ẹ kú oòrùn. Òtútù mú, a ní ẹ kú òtútù. Òjò kọ̀ kò rọ̀, ilẹ̀ gbẹ, koríko rọ, a ní ẹ kú ọ̀gbẹlẹ̀. Mo ti rò ó títí, mo sì rí i pé kì í ṣe òjò ni a ń kí, kì í ṣe ọyẹ́ ni a ń kí, bí kò ṣe ẹni tí òjò bá lójú ọ̀nà àti ẹni tí ọyẹ́ bá níta, tí kò torí rẹ̀ padà sẹ́yìn. Ẹni tí ó bá wá fi ọdún kan gbáko sáré níta, láti ìgbà ọyẹ́ títí di ìgbà ọyẹ́ mìíràn, òun ni gbogbo kíkí wọ̀nyí tọ́ sí, láìku ọ̀kan.

Eré sísá ni ọ̀rọ̀ mi lónìí. N kò sọ ti eré ìje tí a fi ń gba ife-ẹ̀yẹ. Eré wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ tí ẹni tí ó jí ní kùtùkùtù ń sá lójú títì kí ìlú tó gbóná ni mo ń wí. Àwọn àgbà ní àgbàlagbà kì í sáré nínú ẹ̀gún lásán. Bí kò bá ń lé nǹkan, nǹkan ni ó ń lé e. Ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́ta ni mo ti wà lókè eèpẹ̀, ọdún kẹtàlá sì nìyí tí mo ti ń sáré ní ìlú yìí. Ẹ̀jẹ̀ ríru ni ó kọ́kọ́ lé mi jáde nílé. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó yá, tí dókítà wọn ẹ̀jẹ̀ mi tí ó sì sọ fún mi pé ó ti wálẹ̀, mo rí i pé kò sí ohun tí ń lé mi mọ́, pé èmi gan-an ni mo ti di ẹni tí ń lé nǹkan, tí mo ń lé ìtura òwúrọ̀ àti òórùn ilẹ̀ tí ìrì ṣẹ̀ṣẹ̀ sẹ̀ sí. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí àgbàlagbà máa fi ó kéré tán 150 ìṣẹ́jú lọ́sẹ̀ ṣe eré ìdárayá tí kò le púpọ̀, tàbí 75 ìṣẹ́jú bí eré náà bá jẹ́ èyí tí ń mú ni mí gúlegúle. Nítorí náà ẹni tí ó bá ń sáré fún ìdajì wákàtí, lẹ́ẹ̀mẹta péré lọ́sẹ̀, ti san gbèsè tí ó jẹ ara rẹ̀, ó sì ti san án lé.

Kí ni ó wá ń mú kí ọ̀pọ̀ bẹ̀rẹ̀ kí wọ́n sì dáwọ́ dúró? Kì í ṣe ẹsẹ̀, ojú ọjọ́ ni. Ní oṣù Ṣẹẹrẹ wọn a ní ọyẹ́ pọ̀. Ní Ẹrẹ́nà wọn a ní ooru ń mú. Ní Òkúdù wọn a ní òjò kò jẹ́. Nígbà tí ọdún bá fi yípo, wọ́n ṣì jókòó sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń wo àwọn tí ń kọjá, bí àdán tí ó dorí kodò tí ó ń wo ìṣe ẹyẹ. Bẹ́ẹ̀ ni èdè wa ti kọ́ wa lọ́gbọ́n tí a fi ń bá irú nǹkan bẹ́ẹ̀ gbé. Ojú ọjọ́ ni a ń pè é; a fún ọjọ́ ní ojú. Ohun tí ó bá sì ní ojú, a lè wo ojú rẹ̀ kí a tó yà sí i, gẹ́gẹ́ bí ọmọ tí a bí ire ti ń wo ojú baba rẹ̀ kí ó tó tọrọ ohun tí ó fẹ́. Ẹ jẹ́ kí a wá wo ojú ọjọ́ Accra, ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Kí a tó bẹ̀rẹ̀, ó yẹ kí a dúpẹ́ lórí ohun kan. Ìlú yìí kò jìnnà sí ìlà tí ó pín ayé sí méjì, nítorí náà àkókò tí oòrùn ń yọ kì í fi bẹ́ẹ̀ yí padà. Láti ọdún dé ọdún, kò ju bí ìdajì wákàtí lọ tí ó fi ń yẹ̀ síwá tàbí sẹ́yìn agogo mẹ́fà òwúrọ̀. Àwọn ènìyàn wa tí wọ́n wà ní London, ní Peckham àti àyíká rẹ̀, mọ ohun tí mo ń sọ. Ní oṣù Ọ̀pẹ, agogo mẹ́jọ ni ilẹ̀ tó ń mọ́ wọn níbẹ̀, kí agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ sì tó lù, oòrùn ti wọ̀. Síbẹ̀ wọ́n ń sáré, nínú òkùnkùn, lórí yìnyín, pẹ̀lú ìbọ̀wọ́ lọ́wọ́. Àwa tí ojúmọ́ ń mọ́ bá lákòókò kan náà lójoojúmọ́, àwíjàre wo ni ó kù wá kù?

Ojú èkíní ni ojú ọyẹ́. Láti oṣù Ọ̀pẹ títí wọ inú Èrèlé ni ó ń bẹ̀ wá wò, láti apá àríwá-ìlà-oòrùn, tí ó ń gbé eruku aṣálẹ̀ Sàhárà bọ̀, pàápàá láti kòtò ńlá tí a ń pè ní Bodélé ní ilẹ̀ Chad, níbi tí adágún ńlá kan ti gbẹ láti ayébáyé. Ọyẹ́, a-kun-ni-lẹ́fun-bí-abọrìṣà, ọyẹ́, a-la-ètè-láìmú-ọ̀bẹ. Ẹ̀yin àgbà tí ẹ ń gbọ́ mi kò lè gbàgbé ọyẹ́ ọdún 1969, nígbà tí àṣẹ jáde ní ọjọ́ 18 oṣù Bélú pé kí àjòjì tí kò ní ìwé ìgbélùú kúrò ní Gánà láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, tí àwọn òbí wa di ẹrù lé orí ọkọ̀, tí wọ́n kọrí sí Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀ffà àti Ẹjigbó pẹ̀lú eruku lójú. Ọ̀pọ̀ nínú yín padà wá, àwọn ọmọ yín sì tún bí ọmọ síhìn-ín. Bí mo bá ń sáré nínú ọyẹ́, tí mo ń wo ìlú tí ó funfun bí ẹni pé a fi ìyẹ̀fun bò ó, àwọn wọ̀nyẹn ni mo ń rántí, nítorí pé àwọn náà rin ìrìn tiwọn nínú ojú ọjọ́ tí wọn kò yàn.

Ọ̀gbọ́n eré inú ọyẹ́ kò pọ̀. Ẹ fi òrí pa ètè àti ihò imú kí ẹ tó jáde, òrí kan náà tí àwọn Akan ń pè ní nkuto. Ẹ mu omi bí òùngbẹ kò tilẹ̀ gbẹ yín, nítorí afẹ́fẹ́ gbígbẹ a máa fa òógùn lára ẹni kí ẹni tó mọ̀ pé òun làágùn. Bí eruku bá sì dí ojú ọ̀run tí ẹ kò fi lè rí ilé tí ó wà ní òpin òpópó yín, tàbí bí ẹ bá jẹ́ ẹni tí ikọ́ fée ń yọ lẹ́nu, ẹ jókòó sílé lọ́jọ́ náà. Ẹ̀yin tí ara yín le, ìgbà yìí ni ẹ lè gun òkè láti Ayi Mensah lọ sí Peduase, ní ọ̀nà Aburi, níbi tí àwọn ará Accra máa ń rọ́ lọ ní òwúrọ̀ Sátidé láti rìn àti láti sáré. Òkè náà kò ṣe é fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú, ó ń fa iṣan ẹsẹ̀ bí ẹni fa ọrun. Lókè rẹ̀ ni ilé ìjọba Peduase wà, níbi tí Gowon tí ó ń ṣe olórí Nàìjíríà àti Ojukwu tí ó ń ṣàkóso Ìlà-Oòrùn, pẹ̀lú Adéyínká Adébáyọ̀ tí ó ń ṣàkóso Ìwọ̀-Oòrùn wa nígbà náà, ti jókòó sọ̀rọ̀ ní ọjọ́ 4 àti ọjọ́ 5 oṣù Ṣẹẹrẹ ọdún 1967, kí ogun abẹ́lé Nàìjíríà má baà jà. Ogun náà jà. Ẹni tí ó bá sáré dé ibẹ̀, tí ó dúró kí èémí rẹ̀ lè balẹ̀, tí ó wo Accra nísàlẹ̀ nínú kùrukùru, yóò rí ohun tí yóò máa rò bọ̀ wálé.

Bí ìrọ̀lẹ́ ni ẹ bá ń sáré nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ gba ẹ̀gbẹ́ ilé ìwòsàn àwọn ológun tí a ń pè ní 37 kọjá, kí ẹ sì gbé ojú sókè. Àwọn àdán tí wọ́n fi ojú ọ̀sán rọ̀ sórí igi níbẹ̀ yóò máa gbéra lọ wá oúnjẹ, wọn a bo ojú ọ̀run bí èéfín. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn wọ́n a pọ̀ lọ súà, ṣùgbọ́n bí òjò bá ti dé, ọ̀pọ̀ wọn a ti ṣí lọ sí ibi tí èso wà. Mo ti fi wọ́n pe ẹni tí ń jókòó wo ìṣe ẹlòmíràn lẹ́ẹ̀kan. Ó yẹ kí n wá fún wọn ní ẹ̀tọ́ wọn, nítorí àdán gan-an ń wo ojú ọjọ́, ó sì ń bá a rìn.

Ojú kejì ni ojú ooru, ti Èrèlé àti Ẹrẹ́nà títí di ìbẹ̀rẹ̀ Igbe, nígbà tí oòrùn ń bọ̀ wá sí góńgó orí wa. Òun ni mo kà sí ojú tí ó le jù fún ẹni tí ń sáré, ó tilẹ̀ le ju òjò lọ, nítorí pé ẹ̀tàn wà nínú rẹ̀. Ìwọ̀n ooru náà lásán kò burú. Nǹkan bí 32 tàbí 33 lórí òṣùwọ̀n Celsius ní ọ̀sán, ìlú Kano a sì máa jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Ọ̀rinrin tí ń bá ooru náà rìn láti inú òkun ni ọ̀rọ̀ wà. Ẹni tí ń sáré, inú ara rẹ̀ a máa gbóná ju 37 lọ, òógùn ni Ẹlẹ́dàá sì fi ṣe omi ìtura fún un; ṣùgbọ́n òógùn kò lè tù ni lára àfi bí ó bá gbẹ lára ẹni, bí afẹ́fẹ́ bá sì ti mu omi yó tẹ́lẹ̀, òógùn kò rí ibi lọ, yóò kàn máa kán sílẹ̀ ni, ara kò sì ní tutù. Ìdí nìyí tí ẹni tí ó ti London dé ní àná kò fi gbọdọ̀ sáré bí ó ti ń sá a lọ́hùn-ún. Nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì ni ara nílò kí ooru tó mọ́ ọn lára. Bí orí bá ń fọ́, bí òyì bá ń kọ́ ni, bí òtútù bá ń mú ni nínú ooru, ẹ dúró, ẹ wá ibòji, ẹ da omi sára. Ara kì í ṣe irin.

Nínú ooru yìí kan náà, ní oṣù Ẹrẹ́nà ọdún 2024, ni Accra gbàlejò Eré Ìdíje Ilẹ̀ Áfíríkà ẹlẹ́ẹ̀kẹtàlá, ní pápá ìṣeré Yunifásítì Gánà ní Legon. Níbẹ̀ ni Tóbi Àmúsàn, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde, ẹni tí ó fò kọjá igi ọgọ́rùn-ún mítà ní ìṣẹ́jú-àáyá 12.12 lọ́dún 2022 tí gbogbo ayé fi mọ̀ pé obìnrin kan kò sá a tó bẹ́ẹ̀ rí, ti gba wúrà eré náà fún ìgbà kẹta léraléra. Orí mi wú. Bí mo bá sáré dé Legon ní òwúrọ̀ báyìí, n kì í kọjá láìyí ojú sí ọ̀nà pápá náà.

Ojú kẹta ni ojú òjò, láti Igbe dé Agẹmọ, tí Èbìbí àti Òkúdù sì jẹ́ ọba nínú wọn. Ó lè yà yín lẹ́nu pé Accra kì í rí òjò púpọ̀. Nǹkan bí 800 mílímítà ni ti ọdún kan. Èkó fẹ́rẹ̀ẹ́ rí ìlọ́po méjì rẹ̀, Axim tí ó wà ní ìwọ̀-oòrùn etí òkun kan náà sì ń rí ju 2,000 lọ. Etí òkun wa níhìn-ín ni ó tẹ̀ lé ipa ọ̀nà tí afẹ́fẹ́ òjò ń gbà, tí afẹ́fẹ́ náà fi ń yọ̀ kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa dípò kí ó kọlu ilẹ̀. Òun náà wà lára ohun tí ó fà á tí igbó kìjikìji fi dáwọ́ dúró láti agbègbè Accra gba Togo dé Benin, kí ó tó tún dì pọ̀ ní ilẹ̀ wa. Òjò tí ó kéré yìí kì í fi bẹ́ẹ̀ rọ̀ wẹ́wẹ́ o. Ọ̀wààrà ni. Àgbàrá òjò ní òun yóò wólé, onílé ni kò ní gbà fún un. Ṣùgbọ́n nínú ìlú tí a ti di ojú gọ́tà pẹ̀lú ọ̀rá omi, àgbàrá kì í gbàṣẹ lọ́wọ́ onílé mọ́. Ní alẹ́ ọjọ́ 3 oṣù Òkúdù ọdún 2015, lẹ́bàá Kwame Nkrumah Circle, odò Odaw kún àkúnya, àwọn tí wọ́n ń wá ibi tí wọn yóò yà sí sá sí ilé epo kan, iná sì sọ níbẹ̀ láàárín omi. Ẹ̀mí tí ó bá ọjọ́ náà lọ lé ní 150. Kí Ọlọ́run tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere. N kò lè sọ̀rọ̀ òjò Accra kí n má dárúkọ ọjọ́ yẹn.

Nítorí náà, ẹ gbọ́ ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín òjò àti òjò. Òjò wínníwínní tí kò ní àrá nínú, ẹ̀bùn ni. Ó ń tu ara, ó ń pa eruku, ẹni tí ó bá sì sáré nínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan kì í bẹ̀rù rẹ̀ mọ́. Òjò tí ó ní mọ̀nàmọ́ná, ẹ má bá a ṣe àríyànjiyàn. Bí mọ̀nàmọ́ná bá kọ, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í ka ení, èjì. Bí àrá bá sán kí ẹ tó ka 30, ẹ wọ inú ilé, ẹ má sì ṣe jáde títí ìdajì wákàtí yóò fi kọjá lẹ́yìn àrá tí ó sán kẹ́yìn. Abẹ́ igi kì í ṣe ibi ààbò. Bí omi bá sì ti bo títì tí ẹ kò rí ilẹ̀ tí ẹ ń tẹ̀, ẹ padà sílé. Èmi tí mo ń sọ yìí, mo kọ etí dídi sí ọ̀rọ̀ náà ní ọdún kan, mo ti ẹsẹ̀ bọ gọ́tà tí omi bò mọ́lẹ̀, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni mo sì fi jókòó.

Ní àkókò òjò yìí ni àwọn Ga onílẹ̀ máa ń fi òfin de ìlù àti ariwo fún ọgbọ̀n ọjọ́, ní ìmúra sílẹ̀ fún ọdún Homowo. Ẹ̀yin tí ẹ ń bá àwọn ẹgbẹ́ keep fit jáde ní òwúrọ̀ Sátidé mọ bí ìlù àti fèrè ti ń dùn nínú eré náà tó, tí orin jama ń gbé ẹsẹ̀ fún arúgbó. Ẹ bọ̀wọ̀ fún àṣẹ onílẹ̀ nígbà náà, kí ẹ fi ẹnu dákẹ́ kí ẹsẹ̀ máa sọ̀rọ̀. Àlejò tí ó mọ ìwà á mọ ìgbà.

Ojú kẹrin ni mo fẹ́ràn jù, ojú oṣù Ògún, nígbà tí òjò ńlá ti lọ, tí ìkúùkù bo oòrùn, tí ìlú tutù ju ìgbàkígbà lọ lọ́dún. Láti Agẹmọ dé Ọ̀wẹwẹ̀, omi tútù a máa ti ìsàlẹ̀ òkun ru sókè ní etí òkun Gánà. Òun ni ó ń mú ẹja ṣáwá wá fún apẹja, òun ni ó ń lé òjò sẹ́yìn, òun náà ni ó sì ń tu ẹni tí ń sáré lára. Ẹ sáré ní etí òkun lóṣù yìí, láti Labadi gba Osu kọjá, títí dé James Town. Bí ó bá jẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ẹ ó rí àwọn ọkọ̀ ojú omi bí wọ́n ti tò lọ rẹrẹ lórí iyanrìn, nítorí àwọn Ga kì í lọ sójú òkun lọ́jọ́ náà, wọ́n ní òkun ń sinmi. Mo kọ́ ẹ̀kọ́ kan lára wọn: èmi náà a máa ya ọjọ́ kan sọ́tọ̀ lọ́sẹ̀ tí ẹsẹ̀ mi kì í jáde. Oṣù yìí ni wọ́n ń ṣe Homowo, tí ìtumọ̀ rẹ̀ jẹ́ fífi ebi ṣe yẹ̀yẹ́, tí wọ́n ń wọ́n oúnjẹ ọdún tí wọ́n ń pè ní kpokpoi sílẹ̀ fún àwọn baba ńlá wọn. Bí Ọ̀wàrà bá dé, òjò kékeré a tún yà kí wa. Lẹ́yìn rẹ̀ ọyẹ́ a tún dé, ọdún a sì yípo.

Ẹ̀yin ará mi, àwọn àgbà ní ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú níí le koko. Mo ń bẹ̀ yín, ẹ má ṣe bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú agbára. Ẹni tí kò sáré rí, kí ó kọ́kọ́ fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta rìn. Ẹni tí ó ní àrùn ọkàn tàbí ìtọ̀ ṣúgà, kí ó rí dókítà ná. Ẹ wọ aṣọ tí ó mọ́lẹ̀ kí ọlọ́kọ̀ trotro lè rí yín nínú òkùnkùn, ẹ sì kọjú sí ọkọ̀ tí ń bọ̀. Ẹ̀yin ìyá wa tí ẹ ń ta ọjà ní Makola láti òwúrọ̀ dé alẹ́, ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ yìí kò kàn yín. Ẹ pe ẹnìkejì tí ẹ jọ ń gbé àdúgbò, kí ẹ jọ máa jáde, nítorí ẹni tí ó ní ẹlẹgbẹ́ kì í rí àwíjàre. Bí ẹ bá sì ń bọ̀ wálé, tí òórùn kóósé bá lu yín nímú ní ìkóríta, tí ìyá oníkóòkó ń ro kóòkó lórí iná, ẹ rà á. Àkàrà wa ni, ògì wa sì ni, orúkọ nìkan ni ó yàtọ̀.

Ẹ má dúró de ọjọ́ tí ojú rẹ̀ yóò dára, nítorí kò sí ọjọ́ tí kò ní àléébù lójú ẹni tí kò fẹ́ jáde. Lọ́la, kí agogo mẹ́fà tó lù, ẹ ṣílẹ̀kùn, ẹ wo ojú ọjọ́. Bí ó bá ní kí ẹ jókòó, ẹ gbọ́ tirẹ̀. Bí ó bá ní kí ẹ máa bọ̀, ẹ so okùn bàtà yín, kí ẹ jáde sí i. Àwọn Ga àti Akan tí wọ́n ń gbálẹ̀ iwájú ilé wọn yóò kí yín ní ayekoo. Ẹ dá wọn lóhùn pẹ̀lú ọ̀yàyà. Bí èmi àti ẹ̀yin bá sì pàdé lójú títì, ẹ fi èdè ilé kí mi gẹ́gẹ́ bí ojú ọjọ́ bá ti rí, èmi náà yóò sì kí yín. Ó dàárọ̀ o.